Kọ́mà tó ń sọ ẹgbẹ̀rún kan di ẹyọ kan: Bí a ṣe ń tún òǹkà tó dàrú ṣe nínú kóòdù ayélujára àtijọ́

 

Ọ̀pọ̀ mọ́sálásí, ilé-kéwú àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ti ní ìkànnì tiwọn lórí ayélujára báyìí. Ibẹ̀ ni ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wo iye tó ti dá, iye tó kù tó jẹ, àti iye tó wà lápò ẹgbẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì yìí ló ti pẹ́. Ọ̀dọ́ kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà ló bá wọn kọ ọ́ ní ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ọ̀dọ́ náà lè ti rìnrìn àjò lọ sókè òkun, kò sì sí ẹni tó tún wo inú kóòdù náà mọ́, nítorí pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe kan wà tó máa ń sápamọ́ sínú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú. Tó bá yọjú, owó tó wà lápò yóò dà bí ẹni pé ó sọnù. Ẹ sì mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e láwùjọ wa: ènìyàn ò ní fura sí kọ̀ǹpútà, akápò ni wọn yóò kọ́kọ́ máa wò lójú. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀rọ̀ àmánà ni, ọ̀rọ̀ orúkọ rere ọmọlàkejì ẹni sì ni pẹ̀lú.

Iye ọ̀tọ̀, aṣọ tí a wọ̀ fún iye ọ̀tọ̀

Bí a bá kọ ₦1,250,000 sórí ìwé, ojú ènìyàn la ṣe fi kọ́mà méjèèjì yẹn sí i, kí a má baà ṣi òdo kà. Ní ti kọ̀ǹpútà, 1250000 ni iye náà, kò sí kọ́mà kankan nínú rẹ̀. Bí kọ́mà bá ti wọ inú rẹ̀, kì í ṣe iye mọ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ó ti di ọ̀rọ̀ kíkọ, gẹ́gẹ́ bí "Àdìsá" tàbí "Ìbàdàn" ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé kọ́mà dà bí agbádá. Agbádá dára láti wọ̀ lọ sóde, ṣùgbọ́n a kì í wọ agbádá lọ roko. Iye tó ń lọ síwájú ènìyàn lè wọ kọ́mà. Iye tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ ìṣirò gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀.

Èdè tí wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìkànnì àtijọ́ wa ni PHP. Rasmus Lerdorf ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1994, ó sì gbé e jáde fún gbogbo ayé ní 1995. Òun náà ni wọ́n fi kọ WordPress tí ọ̀pọ̀ ìkànnì ń lò. Nínú PHP, àṣẹ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ number_format. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wọ agbádá fún iye. Ẹ fún un ní 1250000, yóò dá "1,250,000" padà fún yín. Iṣẹ́ tó dára ni. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹni tó kọ kóòdù a máa mú ohun tí àṣẹ yìí dá padà, a sì tún máa fi ṣe ìròpọ̀ tàbí ìsọdipúpọ̀.

Bí 1,000 ṣe ń di 1

Bí wọ́n bá fún PHP ní ọ̀rọ̀ kíkọ pé kó fi ṣe ìṣirò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti apá òsì. Yóò máa kó àwọn nọ́ńbà tó bá rí, ṣùgbọ́n níbi tó bá ti pàdé ohun tí kì í ṣe ara iye, ibẹ̀ ni yóò ti dúró. Ìyókù, yóò jù ú nù. Kọ́mà ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń pàdé. Nítorí náà, "1,000" di 1. "125,000" di 125. "4,850,000" di 4.

Ní ayé PHP 5, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ju nǹkan nù. Nígbà tí PHP 7.1 dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìfitónilétí kékeré kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ti pa irú ìfitónilétí bẹ́ẹ̀ mọ́ kí àwọn àlejò má baà rí i. PHP 8 tó jáde ní ọdún 2020 ń kìlọ̀ kíkankíkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ yóò ṣì ṣe ìṣirò tó dàrú náà parí. Bí ẹni tó kọ kóòdù bá sì fi (float) sí iwájú ọ̀rọ̀ náà láti sọ ọ́ di iye ní tipátipá, kò sí ìkìlọ̀ rárá títí di òní.

Ẹ wá wo ìdí tí àṣìṣe yìí fi lè sùn fún ọdún gbọọrọ. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹgbẹ́ kan ní ọmọ ẹgbẹ́ 40, owó oṣù sì jẹ́ ₦500. Kóòdù wọn ti wọ agbádá fún owó oṣù kó tó sọ ọ́ di ìlọ́po 40. Ṣùgbọ́n 500 kò tó ẹgbẹ̀rún, nítorí náà kò sí kọ́mà tó wọ inú rẹ̀. 500 lọ́nà 40 jẹ́ ₦20,000, ìdáhùn náà sì tọ̀nà. Báyìí ni yóò ṣe máa rí lọ́dọọdún, gbogbo ènìyàn yóò sì gbà pé kóòdù náà dára.

Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ fohùn ṣọ̀kan pé kí owó oṣù di ₦1,000. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kọ́mà wọlé. "1,000" di 1, 1 lọ́nà 40 sì jẹ́ 40. Ìkànnì kọ ọ́ síta pé ₦40 ni gbogbo ẹgbẹ́ dá lóṣù yẹn, dípò ₦40,000. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kan kóòdù. Owó ló pọ̀ sí i, kóòdù ò yí padà. Bí náírà ṣe ń ṣubú tí iye ọjà ń ga sókè, bẹ́ẹ̀ ni irú àwọn àṣìṣe báyìí ń jí dìde níbi tí wọ́n sùn sí. Bí wọ́n bá ní "ìkànnì yìí ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́", ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tọ̀nà.

Nígbà tó bá kan sàká

Àṣìṣe tó bá tóbi kì í nira láti rí. Bí ẹnì kan bá kọ "4,850,000" sínú ibi tí wọ́n ti ń ṣírò sàká lórí ìkànnì, tí kóòdù sì sọ ọ́ di 4, ìdá méjì àtààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún 4 náírà jẹ́ kọ́bọ̀ 10. Onítọ̀hún yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, nítorí ₦121,250 ló yẹ kó jẹ́.

Èyí tó léwu ni èyí tó jọ òtítọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ pé arábìnrin kan ní ₦3,000,000 ní báńkì, ọjà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì jẹ́ ₦1,850,000. Ó ti pé nísáàbù, ọdún sì ti yí po lórí rẹ̀. Ó kọ ti báńkì láì fi kọ́mà sí i: 3000000. Ó kọ ti ọjà pẹ̀lú kọ́mà: 1,850,000. Kóòdù àtijọ́ náà ka èkejì sí 1. Àpapọ̀ di 3,000,001, sàká tó sì gbé jáde jẹ́ ₦75,000 àti kọ́bọ̀ díẹ̀.

₦75,000 kò jọ àṣìṣe. Arábìnrin náà yóò san án tọkàntọkàn, yóò sì gbà pé òun ti bọ́ nínú ẹrù. Ṣùgbọ́n ₦121,250 ni ẹ̀tọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Nǹkan bíi ₦46,250 tó jẹ́ ti àwọn aláìní ti há sínú kọ́mà kan ṣoṣo. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ń lo irú ẹ̀rọ ìṣirò bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó fi ọwọ́ ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Pípín sí ọ̀nà 40 ni, kò le: ẹ pín 4,850,000 sí 40, ẹ ó rí 121,250.

Àwọn ẹbí àṣìṣe yìí

Kọ́mà nìkan kọ́ ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn tí a máa ń bá nínú kóòdù àtijọ́ nìyí.

Àkọ́kọ́ ni oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án. JavaScript ni èdè tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń wo ìkànnì. Brendan Eich ló kọ ọ́ ní Netscape ní ọdún 1995, láàárín ọjọ́ 10. Ó ní àṣẹ kan tó ń jẹ́ parseInt tó ń sọ ọ̀rọ̀ kíkọ di iye. Òun náà a máa dúró níbi kọ́mà, nítorí náà parseInt("1,250") jẹ́ 1. Ṣùgbọ́n ní àtijọ́, ó tún ní ìwà kan: bí òdo bá wà níwájú, yóò rò pé òǹkà mẹ́jọ-mẹ́jọ ni, èyí tí kò ní ju 0 sí 7 lọ. "07" yóò jẹ́ 7, ṣùgbọ́n "08" àti "09" yóò di 0. Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ dáadáa láti oṣù kìíní dé oṣù keje, yóò dàrú ní oṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, yóò sì tún dára ní oṣù kẹwàá. Wọ́n yí òfin èdè náà padà ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n ohun tó dára jù ni kí a máa sọ fún un gbangba pé òǹkà mẹ́wàá-mẹ́wàá la fẹ́: parseInt(osu, 10).

Èkejì ni ti àwọn ará wa ní Benin àti Togo. Ní Nàìjíríà, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ń tẹ̀lé: kọ́mà fún ẹgbẹ̀rún, pọ́ìǹtì fún kọ́bọ̀. Ní Kétu, Sakété àti Pọ́tónóvò, ìlànà Faransé ni wọ́n ń kọ́ nílé ìwé: àlàfo fún ẹgbẹ̀rún, kọ́mà fún ìdá tó kù. Ohun tí a ń kọ ní 1,250.75, àwọn yóò kọ ọ́ ní 1 250,75. Ìkànnì tí wọ́n kọ ní Èkó kò ní lóye rẹ̀. Kódà, kí PHP 8 tó dé, bí ẹni tó kọ kóòdù bá ti sọ fún PHP pé kó lo ìlànà Faransé, PHP fúnra rẹ̀ a máa tẹ 3.5 jáde ní 3,5, àṣẹ tó bá fi ránṣẹ́ síbi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ yóò sì bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta ni òdo iwájú. Nọ́ńbà fóònù wa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Bí kóòdù bá tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iye, òdo yẹn yóò sọnù. Bákan náà ni nọ́ńbà àkáǹtì báńkì tó jẹ́ oní-10, tí òdo lè wà níwájú rẹ̀. Òfin tó rọrùn nìyí: nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò ní rò pọ̀ láéláé, ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀. Ta ló ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀?

Ẹ̀kẹrin ni kọ́bọ̀ tó ń yọ́ dànù. Òǹkà onídìí méjì ni kọ̀ǹpútà ń lò nínú. Gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe lè kọ ìdá kan nínú mẹ́ta tán pẹ̀lú pọ́ìǹtì, tí yóò máa lọ ní 0.3333 láìlópin, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè kọ ìdá kan nínú mẹ́wàá tán. Ìdí nìyí tí 0.1 pẹ̀lú 0.2 fi ń di 0.30000000000000004 nínú JavaScript. Bí ẹ bá sì sọ ₦19.99 di kọ́bọ̀ nípa sísọ ọ́ di ìlọ́po 100, tí ẹ wá gé ìdí rẹ̀ dànù pẹ̀lú (int) nínú PHP, 1998 ni ẹ ó rí, kì í ṣe 1999.

Ẹ̀karùn-ún ni "-0". PHP tó ṣáájú 8 lè kọ "-0" fún ẹni tó ti san gbogbo gbèsè rẹ̀ tán, bí ìdá kékeré kan bá ṣẹ́kù tó wà nísàlẹ̀ òdo. Àgbàlagbà tó bá rí àmì ìyọkúrò níwájú orúkọ rẹ̀ yóò rò pé òun ṣì jẹ gbèsè.

Ẹ̀kẹfà ni àjà òǹkà. Ọ̀pọ̀ ibi ìpamọ́ àtijọ́ ń lo irú iye kan tí kò lè kọjá 2,147,483,647. Bí kọ́bọ̀ ni ẹ bá ń kà síbẹ̀, ₦21,474,836.47 ni òpin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ kóòdù náà, owó ńlá ni. Lónìí, ẹgbẹ́ tó ń kọ́ mọ́sálásí lè kọjá ibẹ̀ kíákíá.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ lè fi apá yìí hàn ọmọ yín tàbí ẹni tó ń bójú tó ìkànnì yín.

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà kóòdù àti ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lára ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kì í ṣe lára èyí tí àwọn ènìyàn ń lò lọ́wọ́.

2. Ẹ wá gbogbo ibi tí number_format, parseInt, parseFloat àti toFixed wà nínú kóòdù náà. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: ojú ènìyàn ni ohun tó jáde níhìn-ín ń lọ bá ni, àbí ẹnu iṣẹ́ ìṣirò?

3. Ẹ jẹ́ kí ìṣirò ṣáájú, kí agbádá kẹ́yìn. Kóòdù tó dàrú máa ń rí báyìí:

$owo = number_format($owo);
$lapapo = $owo * 40;
echo $lapapo;

Èyí tó tọ́ nìyí:

$lapapo = $owo * 40;
echo number_format($lapapo, 2);

4. Ẹ bọ́ agbádá lára iye tó ń wọlé. Ẹni tó ń kọ owó sínú fọ́ọ̀mù lè fi kọ́mà, àmì ₦ tàbí àlàfo sí i, kò sì ṣẹ̀. Kóòdù ló yẹ kó yọ ọ́ kúrò: str_replace(',', '', $owo) yóò yọ kọ́mà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi is_numeric yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá jẹ́ iye, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́ kó tún un kọ. Kí kóòdù má ṣe méfò. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará Benin tàbí Togo bá ń lo ìkànnì náà, ẹ ṣọ́ra gidigidi: bí ẹ bá kàn yọ kọ́mà kúrò nínú 1250,75, yóò di 125075. Ẹ kọ àpẹẹrẹ sí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kí wọ́n mọ bí wọn yóò ṣe kọ ọ́.

5. Ẹ má fi iye tó wọ agbádá sínú fọ́ọ̀mù àtúnṣe. Èyí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Akọ̀wé ṣí ojú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kan láti tún àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe, "45,000" wà nínú àpótí owó, kò fọwọ́ kàn án. Ó tẹ bọ́tìnì láti fi pamọ́, 45,000 sì di 45 nínú àkọsílẹ̀. Àdírẹ́sì ló fẹ́ tún ṣe, owó ló bàjẹ́.

6. Ẹ ka owó ní kọ́bọ̀, kó jẹ́ odindi: ₦1,250.75 ni 125075. Àbí kẹ̀, kí ibi ìpamọ́ lo DECIMAL(15,2), tí kì í pàdánù kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ń sọ náírà di kọ́bọ̀, round ni kí ẹ lò, kì í ṣe (int) nìkan.

7. Ẹ dán an wò pẹ̀lú àwọn iye tó wà ní ẹnubodè: 0, 999, 1000, 999999.99, 1000000, -0.01. Ẹ fi kọ́mà kọ wọ́n, ẹ tún kọ wọ́n láìsí kọ́mà. Ìdáhùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ohun tí kóòdù kò lè tún ṣe

Títún kóòdù ṣe kò lè mú iye tó ti sọnù padà. Bí 45,000 bá ti di 45 nínú àkọsílẹ̀, kò sí ohun kankan nínú kọ̀ǹpútà tó lè sọ bóyá 45,000 ni tẹ́lẹ̀ tàbí 45,500, nítorí méjèèjì ni yóò di 45. Ìwé rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ ọwọ́ àti ìwé báńkì nìkan ló lè sọ òtítọ́. Ẹ wá gbogbo iye tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ, kí ènìyàn méjì jókòó láti fi wọ́n wé rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n yí padà àti ọjọ́ tí wọ́n yí i. Ẹ má sì ju ìwé rìsíìtì nù nítorí pé ẹ ní ìkànnì.

Ẹ tún jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: bí iye orí ìkànnì àti iye inú àpò kò bá dọ́gba, ẹ yẹ kóòdù wò kí ẹ tó yẹ ènìyàn wò. Àmì kan wà tó rọrùn. Bí ohun tó yẹ kó jẹ́ 40,000 bá hàn bíi 40, tí 125,000 sì hàn bíi 125, olè kì í jalè báyẹn. Iṣẹ́ kọ́mà ni. Orúkọ rere tó bá ti bàjẹ́ nílé àti lẹ́yìn odi, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn bíi ti kóòdù.

Ní ìkẹyìn, ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ yìí jẹ́ àjèjì sí ọmọ tó ń kéwú. Muhammad ibn Mūsā al-Khwārizmī, ọ̀mọ̀wé tó ṣiṣẹ́ ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń lò lónìí fún ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, ìyẹn algorithm. Nínú ìwé rẹ̀ lórí al-jabr, ó ya apá ńlá sọ́tọ̀ fún ìṣirò ogún pínpín, kí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni má baà sọnù nínú òǹkà. Ohun kan náà la ń wá nínú kóòdù mọ́sálásí àti ẹgbẹ́ wa: kí iye tó wọlé jẹ́ iye tó hàn, kí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sì gbà á pé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní òye tó ṣe é fi ṣiṣẹ́, kó sì ṣọ́ àmánà tó wà lọ́wọ́ wa. Āmīn.